Ojú Ìwé Tí Mo Fò

Ẹ ṣí páálí yẹn bí ẹ bá fẹ́. Eruku ló wà lórí rẹ̀, kò sí nǹkan tó máa bù yín jẹ níbẹ̀. Ìwé kábọ́ì ni gbogbo rẹ̀, ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n ń gba ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Mọ́ríyámọ̀ ọmọ mi ti sọ fún yín pé bàbá òun ní ìwé tí kò yẹ kí èèyàn dúdú máa tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi tẹ̀ lé e wá láti yunifásítì yín ní New Cross lọ́jọ́ tí ẹ kò ní kíláàsì. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Etí mi ṣì ń gbọ́.

Ìwọ tó ga yẹn, tó ń kọ́ nípa ìwé ní yunifásítì, ìwọ lo sọ pé, "Uncle, no disrespect o, àmọ́ àwọn books yìí problematic gan-an. Wọ́n gba ilẹ̀ àwọn èèyàn, wọ́n wá ń kọ ọ́ like it's some adventure."

Òótọ́ lo sọ. N kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí a ṣe máa ń kà á, nítorí pé bí a ṣe ń kà á nígbà yẹn ti parí, kò sì ní padà wá mọ́. Àwa mẹ́ta ni. Músílíù télọ̀ ti padà sí Ìwó. Bàbá Ràṣídì, tó dàgbà jù nínú wa, wà ní ìlú kan létí òkun, níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà. Èmi nìkan ló kù sí Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Pé Bàbá wà níbi tí wọ́n wà yẹn, ọwọ́ mi ló ti wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. N kò kàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni.

Abẹ́ afárá rélùwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, tí ẹ ti ń ra kọfí báyìí, ṣọ́ọ̀bù Músílíù wà níbẹ̀ nígbà náà. Mẹ́káníìkì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, onídìrí wà lápá òsì. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì máa ń gbóná nítorí áyọ́ọ̀nù. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lórí wa, gbogbo nǹkan á máa gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ inú àwo Músílíù á máa dún ṣìn-ìn ṣìn-ìn. Bí mo bá ń kàwé lọ́wọ́, mo máa dúró, n ó fi ìka lé ibi tí mo dé. Ìgbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀, Bàbá Ràṣídì á ní, "Ó ti kọjá. Ẹṣin yẹn dà?"

Ọjọ́ Sátidé, láàárín Àìlà àti Alásárì, ni a máa ń kà á. Bí a bá kírun Àìlà tán ní mọ́ṣáláṣí, a máa rìn wá síbẹ̀. Músílíù kì í dá iṣẹ́ dúró. Bàbá á jókòó sórí àga tó wà fún àwọn oníbàárà, wọ́n á bọ́ fìlà, wọ́n á gbé e lé orúnkún. Èmi á dúró lẹ́bàá iná kí n lè ríran.

Ẹ má rò pé mo mọ̀wé nígbà náà. Kíláàsì kẹrin ni mo dé nílé kí bàbá mi tó kú, mo sì lọ kọ́ṣẹ́. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó tún jókòó sí kíláàsì, níbí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé. Ìyá Mọ́ríyámọ̀ ló ní kí n lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ra pẹ́ńsùlù kan, ó tì í bọ àpò kóòtù mi, ó ní, "Máa lọ." Olùkọ́ wa sọ pé kí kálukú wa wá ìwé tí kò le, kó máa kà á nílé. Mo rí ìwé kábọ́ì nínú apẹ̀rẹ̀ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Ìwé náà fẹ́lẹ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Ó gun ẹṣin. Ó wo òkè. Ó yìnbọn. Èmi náà lè bá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rìn.

Ọjọ́ tí mo ń dúró de ṣòkòtò mi lọ́dọ̀ Músílíù, mo ń ka ọ̀kan lábẹ́lẹ̀. Bàbá Ràṣídì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn tí ẹnu rẹ ń mì báyìí?" Mo sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n ní kí n má dúró. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mọ Kùránì kà dáadáa, wọ́n tún mọ Lárúbáwá kọ, ṣùgbọ́n ìwé gẹ̀ẹ́sì kò wọlé fún wọn rí. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì, tí wọ́n fi ń kí aládùúgbò, ìyẹn nìkan ló wà lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà ni Músílíù ti ń pè mí ní Tíṣà. Ó kọ́kọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó wù mí kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ.

Irú ìwé wọ̀nyí, ilẹ̀ ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ, koríko, òkè lókèèrè, kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ ọ́ á sọ pé ilẹ̀ náà ṣófo, ó ń dúró de ẹni tó máa wá lò ó. Lẹ́yìn ojú ìwé díẹ̀, àwọn kan á yọ láti ẹ̀yìn òkè, wọ́n á máa ta ọfà.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ka irú rẹ̀. "Dúró ná. Ṣé o ní ilẹ̀ yẹn ṣófo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, Bàbá."

"Àwọn tó ń ta ọfà yìí ńkọ́? Ibo ni wọ́n sùn lánàá?"

Músílíù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Tíṣà ráyè! Bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n dé sí."

"Dákẹ́, ìwọ. Mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń bi mí láti ọjọ́ náà lọ, ìwé dé, ìwé lọ. Ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ibo ni wọ́n lọ? Èmi kò ro ìyẹn rí. Àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù ni mo wà lẹ́yìn wọn, àwọn tọkọtaya tó di àdógán àti bẹ́ẹ̀dì wọn, tí ọmọ wọn ń wúkọ́ lójú ọ̀nà. Mo rí ara mi nínú wọn. Mo sọ ọ́ fún Bàbá pé èmi náà gbé àpótí, mo dé ibi tí n kò mọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wò mí. "Ìwọ kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé," ni wọ́n wí.

Ní ti Músílíù, ẹni tí kóòtù rẹ̀ bá dára jù ló ń tẹ̀ lé. Bí ìwé bá ti sọ pé ọ̀gá ọlọ́pàá wọ kóòtù dúdú tó gùn dé orúnkún, ó parí nìyẹn. "Ẹni tó rán ìyẹn mọṣẹ́," á wí. "Tíṣà, ṣé wọ́n sọ iye bọ́tìnnì rẹ̀?" Òun náà ló ba ìparí ìwé kan jẹ́ fún wa. Ó ń wá ibi tó máa kọ ìwọ̀n ṣòkòtò ẹnì kan sí, ó sì fa ewé tó kẹ́yìn ìwé ya. Oníbàárà mú ewé náà lọ mọ́ ṣòkòtò. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin inú ìwé náà padà sílé tàbí kò padà. Bàbá bá Músílíù bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí Iléyá dé, tó gbé ẹran itan wá fún wọn, ni wọ́n tó dá a lóhùn. Ọ̀rá ẹran náà ṣì wà lára ìwé pupa yẹn. Ẹ wò ó.

Mo ti ní kí n sọ ìdí tí Bàbá fi ń bèèrè. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe nílé kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wà lára àwọn tó ń gé igbó, tí wọ́n ń to irin. Ìwé kan wà tí rélùwéè ń bọ̀ nínú rẹ̀, tí gbogbo ará ìlú ń jó, tí bíá ń ṣàn. Bí mo ṣe ń kà á, Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló máa ń ṣáájú àwọn, tí wọ́n á kan èèkàn mọ́ inú oko àwọn èèyàn. Obìnrin kan wà tó máa ń jí jáde láàárọ̀ kùtù, á fa gbogbo èèkàn náà yọ, á fi dáná. Òun náà ló ń ta ẹ̀wà fún àwọn.

"Ẹ̀wà tí a ń jẹ láàárọ̀," Bàbá wí, "èèkàn wa ló sè é. A ò mọ̀. Ọ̀gá wa ń wá èèkàn kiri, a dúró níwájú ìkòkò, a ń jẹun."

Músílíù rẹ́rìn-ín títí tó fi fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ojú irin gba ibẹ̀ kọjá bó ti wù kó rí. Igi obì mẹ́rin ni obìnrin náà ní. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gé méjì níbẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé ìlú ló ń gbòòrò. Òun náà jáde wá, ó ń wò mí. Kò bú mi." Wọ́n dé fìlà wọn. "Ka èyí tó kù."

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìwé kábọ́ì ń yin gbígba ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn mìíràn bọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà tó yá, àwọn tó nípọn díẹ̀. Nínú ọ̀kan, àgbẹ̀ kan ń túlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìjọba fún un, ó sì hú egungun jáde, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé. Ó dá ẹṣin dúró. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló rí, ó ní òkúta ni. Ó túlẹ̀ yí ibẹ̀ ká lọ́dún náà. Lọ́dún kejì, ó tú ibẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó kàn jẹ́ kí ẹ rí i tó ń mu omi lẹ́yìn tó tú u tán. Nínú òmíràn, ṣọ́jà àgbà kan ni wọ́n ń yìn ní gbogbo ìlú, òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kọjá ní òpópónà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Mo ti rí ìwé tó ń ṣe méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń bọ̀. Kó tó parí, ojú á ti máa tì í.

Ó rẹ̀ mí díẹ̀. Mọ́ríyámọ̀, bu omi fún mi.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà nìyí. Bí mo bá pàdé ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀, mo máa ń fò ó. Bí gbólóhùn bá gùn, n ó fò ó. Ọ̀rọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀, ó di ìlà mẹ́ta, ó di odidi ojú ìwé. Ta ló máa mọ̀? Mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí ẹni tó ń wo ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. N ó kàn sọ pé, "Ó gun ẹṣin lọ," ìtàn á sì máa dùn lọ. Mo tún mọ àwọn ojú ìwé tó le jù. Ibi tí àwọn onílẹ̀ bá ti ń sọ tẹnu wọn ni, àti ibi tí ìwé ìjọba bá ti wọ inú ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ máa ń wúwo. Nítorí náà, lẹ́nu tèmi, àwọn onílẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á yọ, wọ́n á ta ọfà, wọ́n á kú. Bàbá á máa bèèrè ibi tí wọ́n lọ, ìdáhùn á sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi, èmi kò lè kà á.

Ẹ dá àwọn tó kọ ìwé lẹ́bi bí ẹ bá fẹ́. Èmi náà bá wọn pa àwọn èèyàn yẹn lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó yá, káńsù àdúgbò wa fẹ́ wó ẹ́sítéètì tí Bàbá ń gbé. Ẹ mọ irú ẹ̀, ilé gogoro, lífùtì tó ń bàjẹ́, afárá láti ilé kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa wó o. Lẹ́tà dé, ojú ìwé méje. Bàbá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n nà án sí mi. "Tíṣà, kà á fún mi bí o ṣe ń ka kábọ́ì."

Mo kà á bí mo ṣe ń ka kábọ́ì.

Ìyá Mọ́ríyámọ̀ wà nílé ìwòsàn nígbà náà. Mo fẹ́ bá àkókò ìbẹ̀wò, mo ń wo aago. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ojú ìwé àkọ́kọ́, mo wo èyí tó kẹ́yìn. Mo ní, "Wọ́n kí yín, Bàbá. Wọ́n máa wó ilé, wọ́n á fún yín ní tuntun. Ẹ buwọ́ lù ú níbí." Fọ́ọ̀mù kan wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àpótí kékeré méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí a mú ọ̀kan. Mo fi máàkì sí ti ìsàlẹ̀. N kò ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Bàbá fi Lárúbáwá buwọ́ lù ú, lẹ́tà tó lẹ́wà, wọ́n sì gbàdúrà fún ìyàwó mi. Músílíù bá wọn fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, lẹ́tà kù sọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo jókòó ní ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi, mo ń ka ìwé tí mo fẹ́ kà fún wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó dé ibi tí àwọn olóyè onílẹ̀ jókòó yípo, tí ọ̀gá ṣọ́jà gbé ìwé àdéhùn wá. Ògbufọ̀ kan wà láàárín wọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ebi ń pa á ni, ó fẹ́ lọ sílé, kò sì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà. Ó sọ fún àwọn olóyè pé ìjọba kí wọn, pé wọ́n máa rí ilẹ̀ tuntun gbà, kí wọ́n fi àmì síbí. Wọ́n fi àmì síbẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ ògbufọ̀ náà láti kékeré rẹ̀.

Mo pa ìwé dé. Mo lọ sí ilé Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo purọ́ pé mo fẹ́ wo nọ́ńbà fóònù kan nínú lẹ́tà wọn. Mo fi díkíṣọ́nárì kà á, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́tà náà kò fi nǹkan pamọ́. Àpótí tòkè wà fún ẹni tó bá fẹ́ padà wá gbé ibẹ̀ tí ilé tuntun bá parí. Ti ìsàlẹ̀ wà fún ẹni tó ń lọ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i.

Mo sọ ọ́ fún ìyá Mọ́ríyámọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Lọ sọ fún wọn."

Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá ti bọ́ fìlà. Músílíù ní, "Tíṣà dé!" Mo ṣí ìwé. Mo kà á títí dé ibi tí àwọn olóyè jókòó, mo sì fò ó. Odidi orí kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Bàbá ní, "Àwọn olóyè yẹn, kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan, Bàbá."

Nígbà tí mo padà dé ilé ìwòsàn, ìyàwó mi bi mí pé, "O sọ fún wọn?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má fi ìyẹn gbà mí sílẹ̀. Ọjọ́ wà kó tó kú, ọjọ́ ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ràṣídì ló wà ní iwájú níbi ìsìnkú, wọ́n di apá mi mú. Mo lè sọ ọ́ sí wọn létí níbẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí.

Ọkọ̀ kó ẹrù Bàbá lọ sí ilé tí káńsù fún wọn létí òkun; wọ́n rò pé àwọn máa padà tí ilé tuntun bá parí. Ràṣídì ọmọ wọn wà ní Kánádà, kò mọ bó ṣe lọ. Mọ́ṣáláṣí kò sí nítòsí wọn níbẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń lọ sáàárín ìlú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù abẹ́ afárá kó jáde kí wọ́n lè tún ibẹ̀ ṣe. Músílíù ta máṣíìnì rẹ̀, ó padà sí Ìwó. Bàbá ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo Sátidé, ní àkókò yẹn gan-an. Wọn kì í pẹ́. Wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ti kọ́ ọ tán?" N ó ní ó kù díẹ̀.

Ó ti parí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin náà ń kọjá níwájú rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pè. Wọ́n ní Músílíù ti rí fọ́tò ilé náà lórí fóònù ọmọ rẹ̀, èèyàn ti kún inú rẹ̀, aṣọ ti wà lójú fèrèsé. "Kí ló dé tí wọn ò tíì pè mí, Tíṣà?"

Mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti gbẹ. Wọ́n se ìrẹsì dè mí, wọ́n ní kí n jẹun kí n tó sọ̀rọ̀. N kò lè jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà ọjọ́sí wá. Wọn kì í da lẹ́tà nù. Mo ka ojú ìwé méjèèje fún wọn ní Yorùbá, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó pẹ́. Ìgbà tí mo dé ibi àpótí méjì, mo sọ èyí tí mo mú.

Wọ́n ká lẹ́tà náà. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú.

Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Wọ́n dìde, wọ́n wá bébà àti bírò, wọ́n gbé e síwájú mi. "Kọ lẹ́tà sí wọn. Kọ ọ́ pé mo fẹ́ padà sílé." Mo ń kọ. "Kọ ọ́ pé Peckham ni mo ti ń kírun láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí." Mo kọ ọ́. "Kọ ọ́ pé ẹni tó ka lẹ́tà fún mi kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, nígbà tó sì mọ̀, kò sọ."

Mo gbé bírò sókè.

"Kọ ọ́. Kí o kọ orúkọ rẹ sí i."

Mo kọ ọ́. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n mú lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì jáde lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn, ìyá òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Brenda. Mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì wọn láti inú ilé: "Please, you read for me. Everything." Wọ́n padà wọlé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fún un ní àga.

Obìnrin náà wọ awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. Bó bá ti ka ìlà kan, wọ́n á gbé ojú sí mi, n ó sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á ní, "Hẹn-ẹn." Ó dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó ka orúkọ mi. Ó wò mí láti orí awò rẹ̀.

"Sọ ọ́," Bàbá wí.

Mo sọ ọ́.

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n gbé e lé tábìlì, wọ́n sì buwọ́ lù ú.